Cochise kọ́ ló kó màlúù yẹn

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Awakọ̀ tírélà ni mí, ọmọ bíbí Ìmẹ̀sí-Ilé, tí oúnjẹ òòjọ́ gbé dé Tucson ní ìpínlẹ̀ Arizona láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Òṣogbo ló máa ń fi fóònù ya ojú-ewé ìwé ìròyìn yín ránṣẹ́ sí mi. Ibi tí mo bá páàkì sí láti sùn mọ́jú ni mo ti ń kà á.

Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ọ̀kan nínú àwọn òǹkọ̀wé yín sọ̀rọ̀ lórí àwọn ajínigbé ojú ọ̀nà wa. Ọ̀rọ̀ náà dára, àfi ibì kan. Ó ní wọ́n ń ṣe bíi ti àwọn Apache ayé ọjọ́un, ẹ̀yà kan nínú àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà, tí wọ́n máa ń ti orí òkè já lu àwọn ọlọ́sìn màlúù àti awakùsà tó ń wá jíjẹ mímu wọn jẹ́jẹ́. Ó ní ìjọba Amẹ́ríkà ò bá wọn ṣeré, ìyẹn ni ìlú fi tòrò. Ọ̀rọ̀ "jẹ́jẹ́" yẹn ni mi ò lè gbé mì.

Mi ò dá a lẹ́bi o. Sinimá ni gbogbo wa fi mọ Apache. Nígbà tá a wà ní kékeré nílé, a máa ń fi ìyẹ́ àkùkọ há irun, a ó fi igi gbẹ́ ìbọn, a ó pín ara wa sí ọ̀nà méjì. Kò sẹ́ni tó fẹ́ ṣe Apache, torí Apache ló máa ń kú. Àbúrò mi tó kéré jù la máa ń fi ipá fi ṣe é, á sì máa sunkún lọ bá ìyá wa.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí mo fi ń jẹun báyìí, ọ̀nà wọn ni. Tòmátì àti ata ni mo máa ń gbé láti Nogales, lẹ́nu ibodè Mẹ́síkò, lọ sí El Paso àti síwájú. Màá gba Benson, màá kọjá láàárín àwọn àpáta Texas Canyon tí wọ́n gorí ara wọn bí àkàrà inú àwo, kí n tó já sí Willcox àti Lordsburg. Lọ́wọ́ ọ̀tún mi ni òkè Dragoon wà. Inú òkè yẹn ni wọ́n sin Cochise, olórí Apache kan, sí ní oṣù kẹfà 1874, títí dòní kò sí àmì kankan lórí sàréè rẹ̀. Téèyàn bá ń wo irú òkè bẹ́ẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bó pẹ́ bó yá á bèèrè ẹni tó ń sùn síbẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má baà ní olè ni mò ń gbèjà, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: wọ́n kó ẹran. Àwọn Apache, tí wọ́n ń pe ara wọn ní Ndé, kó màlúù, wọ́n kó ẹṣin, wọ́n kó ìbaaka ní Sonora àti Chihuahua fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kí Amẹ́ríkà tó ra apá ibí yìí lọ́wọ́ Mẹ́síkò. Àwọn abúlé kan tú nítorí wọn. Awakùsà tó jí dá gbéra kò mọ̀ bóyá òun á dé. Ní oṣù kẹta 1883, adájọ́ kan tó ń jẹ́ McComas fi ọkọ̀ ẹṣin gbé ìyàwó rẹ̀ àti ọmọkùnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà, gba ọ̀nà Lordsburg. Wọ́n pa bàbá, wọ́n pa ìyá, wọ́n gbé ọmọ lọ, kò sì padà wálé mọ́. Mo máa ń kọjá nítòsí ibẹ̀ lóru, tí mo bá sì ti rántí ọmọ yẹn, ńṣe ni mo máa ń pe àwọn ọmọ tèmi lórí fóònù, bí wọ́n tiẹ̀ ń sùn.

Àmọ́ nǹkan méjì ni wọ́n yà sọ́tọ̀ láàárín ara wọn. Ìrìn kan wà tí wọ́n ń rìn láti lọ kó ẹran ọ̀tá. Èèyàn díẹ̀ ní í lọ, wọn kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbúròó wọn, torí tẹ́ni kan bá kú, ariwo á sọ, ẹran á sì bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ìrìn kejì, ẹ̀san ni. Ìbátan ẹni tí wọ́n pa ni wọ́n ń kó jọ fún un, ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n sì ń bá lọ. Ọmọ Yorùbá kò gbọ́dọ̀ ní eléyìí ò yé òun. Àwa náà ní sùnmọ̀mí, a sì ní ogun. "Agbésùnmọ̀mí" tí ẹ máa ń kọ gàdàgbà sí ojú-ewé kìíní yín, inú sùnmọ̀mí ayé àwọn baba wa ló ti jáde, nígbà tí àwọn akọni tá à ń kọrin yìn dòní ń jí wọ oko olóko lọ kó èèyàn tà. Màlúù kọ́ là ń kó nígbà náà o, ọmọ èèyàn ni.

Ohun tí mo fẹ́ kí òǹkọ̀wé yín mọ̀ ni bí sùnmọ̀mí ṣe di ogun ní ìhín. Mo ti fẹsẹ̀ mi tẹ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé kan ni, ọ̀rẹ́ mi ará Mẹ́síkò tá a jọ ń wakọ̀ gbé mi lọ sí Apache Pass, àárín òkè méjì ní gúúsù ìlú Bowie. Ọ̀nà eléruku ni, tírélà ò lè débẹ̀. Ẹ ó gbé ọkọ̀ sílẹ̀, ẹ ó fẹsẹ̀ rìn tó máìlì kan àbọ̀ láàárín ẹ̀gún àti òkúta. A kọjá lára ìpìlẹ̀ ilé tí ọkọ̀ lẹ́tà ti máa ń dúró pààrọ̀ ẹṣin láti 1858. A kọjá lára itẹ́ òkú kékeré kan, ọmọ kan tí Geronimo, jagunjagun Apache, bí, tí kò tíì ju ọmọ ọdún méjì lọ wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà la dé ìdí ìsun. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti rò pé odò ni! Omi tó ń sun jáde lábẹ́ òkúta yẹn kò ju èyí tó ń jáde lẹ́nu rọ́bà tá a fi ń fọ mọ́tò lọ. Ọ̀rẹ́ mi wò ó títí, ó ní, "Ṣé torí eléyìí náà ni?"

Torí ẹ̀ ni. Nínú aṣálẹ̀, ẹni tó bá ni omi ló ni ọ̀nà. Ọkọ̀ lẹ́tà gbọ́dọ̀ fún ẹṣin lómi níbẹ̀, awakùsà gbọ́dọ̀ rọ kèrègbè kún, adamàlúù gbọ́dọ̀ dá ẹran ró. Ilẹ̀ Cochise sì ni. Kò sì lé wọn. Fún bí ọdún mélòó kan, ọkọ̀ ń kọjá, wọ́n sì ní àwọn èèyàn Cochise ló ń gé igi ìdáná tà fún àwọn ará ilé ọkọ̀ lẹ́tà yẹn. Ó ń kó ẹran Mẹ́síkò lọ́hùn-ún, kò yọ àwọn ará ibí lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní 1861, àwọn Apache kan wọ oko ọlọ́sìn kan tó ń jẹ́ John Ward lẹ́bàá odò Sonoita. Wọ́n kó màlúù rẹ̀, wọ́n sì gbé ọmọ ìyàwó rẹ̀ lọ, Felix, ọmọ ọdún bíi méjìlá. Ward sáré lọ bá àwọn ṣọ́jà, ó ní Cochise ni. Kí ló fi mọ̀? Ipasẹ̀ màlúù ló rí tó lọ sí ìlà oòrùn. Wọ́n fi ṣọ́jà 54 lé ọ̀dọ́mọdé ọ̀gágun kan lọ́wọ́, George Bascom, pé kó lọ gba ọmọ wá. Ó pàgọ́ sí Apache Pass, ó ránṣẹ́ pe Cochise. Ẹ wo bí Cochise ṣe wá: ó mú àbúrò rẹ̀ dání, ó mú ìyàwó rẹ̀, ó mú ọmọ, ó mú àwọn ọmọ mọ̀lẹ́bí. Ta ló ń kó aya òun ọmọ lọ sójú ìjà? Bí ẹni ń lọ kí àlejò ló ṣe wá. Ó ní òun kọ́ ni òun gbé ọmọ, àwọn Apache apá àríwá ni, kí wọ́n fún òun láàyè díẹ̀ kí òun bá wọn wá a. Òótọ́ ló sọ. Bascom ní irọ́ ni, pé títí ọmọ á fi dé, gbogbo wọn ò ní kúrò níbẹ̀.

Cochise fa ọ̀bẹ yọ, ó la ara àgọ́, ó gba ibẹ̀ jáde, ọta ìbọn ń tẹ̀ lé e. Àwọn ẹbí rẹ̀ kò rí ọ̀nà jáde. Lòun náà bá mú òṣìṣẹ́ ọkọ̀ lẹ́tà, ó mú àwọn arìnrìn-àjò, ó ní ẹ jẹ́ ká ṣe pààrọ̀. Bascom kọ̀, àfi tí ọmọ bá yọjú, ọmọ tí kò sí lọ́wọ́ Cochise! Ẹni tí kò gba pàṣípààrọ̀, òkú ni yóò gbà. Cochise pa àwọn tirẹ̀. Àwọn ṣọ́jà yẹn fi okùn gbé ọkùnrin mẹ́fà kọ́ sórí igi, àbúrò Cochise wà nínú wọn. Obìnrin àti ọmọdé nìkan ni wọ́n dá sílẹ̀.

Ọdún 11 gbáko ni ogun fi jà lẹ́yìn ìyẹn. Kò sí awakùsà tàbí ọlọ́sìn tó sùn ní gúúsù Arizona tí kò fi ìbọn ṣe ìrọ̀rí. Ní 1862, àwọn ṣọ́jà yin àgbá sórí òkè ní ibi ìsun kan náà, wọ́n sì kọ́ ọgbà ológun Fort Bowie síbẹ̀ kí wọ́n lè jókòó ti omi. Ní oṣù kìíní 1863, wọ́n fi àlàáfíà tan àna Cochise, Mangas Coloradas, arúgbó ọkùnrin gíga kan, wá sọ́dọ̀ ṣọ́jà. Òru ọjọ́ yẹn ni wọ́n yìnbọn pa á, wọ́n gé orí rẹ̀, wọ́n sè é nínú ìkòkò kí wọ́n lè rí agbárí. Ọmọdékùnrin Felix ńkọ́? Ọ̀dọ̀ àwọn Apache apá àríwá lọ́hùn-ún ló dàgbà sí. Ní 1872, ó wọṣẹ́ ṣọ́jà gẹ́gẹ́ bí atọpasẹ̀ àti ògbufọ̀, wọ́n ń pè é ní Mickey Free.

Jẹ́jẹ́, àbí?

Ẹ jẹ́ n wá mú yín wá sí Tucson tí mò ń gbé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1871, ẹgbẹ́ Apache kan tí Eskiminzin jẹ́ olórí wọn wá bá ọ̀gá ṣọ́jà tó wà ní Camp Grant, nǹkan bí ọgọ́ta máìlì sí ìlú yìí. Wọ́n ní ìjà ti sú àwọn, àwọn fẹ́ dáko sí etí odò Aravaipa tó jẹ́ ti baba àwọn. Ọ̀gá náà, Royal Whitman, gbà wọ́n. Ó ní kí wọ́n máa gé koríko wá fún ẹṣin ìjọba, òun á máa san sẹ́ǹtì kan lórí pọ́n-ùn kan. Ọ̀bẹ làwọn obìnrin fi ń gé e, ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń gbé e wá. Mo mọ iṣẹ́ ẹ̀yìn. Ìyá mi ru igi ìdáná títí a fi jáde ìwé mẹ́fà.

Àwọn ará Tucson ní irọ́ ni, pé àwọn tó ń gé koríko lọ́sàn-án náà ló ń jí màlúù lóru. Wọ́n kó ara wọn jọ: òyìnbó mẹ́fà, àwọn tó jẹ́ ìran Mẹ́síkò 48, àti àwọn Tohono O'odham tó lé ní 90, tí ìjà wọn pẹ̀lú Apache ti wà láti ayébáyé. Ní ìdájí ọjọ́ 30 oṣù kẹrin, wọ́n wọ àgọ́ náà. Púpọ̀ nínú àwọn ọkùnrin ò sí nílé. Èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún ni wọ́n pa, obìnrin àti ọmọdé ló pọ̀ jù. Ọmọ bíi 30 ni wọ́n kó lọ, wọ́n tà púpọ̀ nínú wọn sí Sonora. Nígbà tí ààrẹ Amẹ́ríkà fárígá, wọ́n gbé bí ọgọ́rùn-ún èèyàn lọ sí kóòtù ní Tucson níbí, ní oṣù kejìlá. Ìṣẹ́jú 19 làwọn tí wọ́n yàn láti dájọ́ fi jókòó, wọ́n ní wọn ò jẹ̀bi. Ìṣẹ́jú 19! Tí wọ́n bá dá mi dúró ní ibi ìwọ̀n ọkọ̀, mo máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tó fà á tí ìlú fi bínú sí àlàáfíà, ẹ wá a lọ́jà. Ogun ni òwò Tucson nígbà náà. Ta ló ń ta ẹran màlúù fún ṣọ́jà? Ta ló ń ta àgbàdo fún ẹṣin wọn? Ta ló ni ọkọ̀ tó ń gbé ẹrù lọ sí ọgbà ológun? Àwọn agbaṣẹ́ṣe ni, orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n ni Tucson Ring, àwọn ọ̀gágun gan-an sì ráhùn títí lórí wọn. Tí Apache bá jókòó sójú kan tó ń gé koríko ní sẹ́ǹtì kan, ẹni tó ń tà á lówó gọbọi tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Mi ò ní gbogbo ọlọ́sìn ló rí bẹ́ẹ̀. Henry Hooker tẹ oko Sierra Bonita dó ní 1872 ní àfonífojì Sulphur Springs, ẹran rẹ̀ ni ṣọ́jà ń jẹ, òun kan náà ni wọ́n sì ń rà fún àwọn Apache tí ìjọba kó jọ sí San Carlos. Ọlọ́gbọ́n oníṣòwò nìyẹn, bó bá sogun bó bá ṣàlàáfíà, ó ń tà.

Ti awakùsà kò gùn. Wọ́n rí wúrà ní Pinos Altos ní 1860, ilẹ̀ Mangas. Wọ́n rí fàdákà ní Globe, inú ilẹ̀ San Carlos tí ìjọba ti tọwọ́ bọ̀wé pé ti Apache ni, ìjọba sì gé ibẹ̀ kúrò fún awakùsà ní 1876. Ọdún yẹn náà ni wọ́n ti ilẹ̀ tí wọ́n fún Cochise lẹ́yìn àdéhùn àlàáfíà 1872 pa, ọdún méjì péré lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ọdún kan sí i, Ed Schieffelin rí fàdákà ní Tombstone. Wọ́n ti sọ fún un pé òkúta ojú oórì ara rẹ̀ nìkan ló máa rí níbẹ̀, ó wá fi yẹ̀yẹ́ yẹn sọ kùsà rẹ̀ lórúkọ.

Ibì kan tún wà tí mo máa ń yí rédíò ọkọ̀ mi sílẹ̀ tí mo bá ń kọjá, ní Texas, tó o bá ti fi Sierra Blanca sílẹ̀. Ní gúúsù ọ̀nà ni kòtò omi kan wà tí wọ́n ń pè ní Tinaja de las Palmas. Ní ọjọ́ 30 oṣù keje 1880, Victorio, olórí Apache mìíràn, fẹ́ mu omi níbẹ̀, òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ tí wọ́n sá kúrò ní San Carlos. Ọ̀gágun Grierson ti jókòó ti omi náà dè é. Àwọn ṣọ́jà rẹ̀, aláwọ̀ dúdú ni wọ́n, ẹgbẹ́ ẹlẹ́ṣin kẹwàá, tí wọ́n ń pè ní Buffalo Soldiers. Àwọn mìíràn nínú wọn, inú oko ẹrú ni wọ́n bí wọn sí. Victorio ò rí omi mu, ó padà sí Mẹ́síkò, ní oṣù kẹwàá ṣọ́jà Mẹ́síkò sì pa á ní Tres Castillos, wọ́n kó obìnrin àti ọmọdé ibẹ̀ lọ. Ọmọ ẹrú tó ń dènà omi de ẹni tí wọ́n fẹ́ sọ ọmọ rẹ̀ di ẹrú: mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò láti El Paso dé Tucson, mi ò rí ibi tí mo lè gbé e kà.

Ó tún kan àwọn ará wa ní Cuba. Nígbà tí Sípéènì ṣì ń jọba Mẹ́síkò, ní ìparí àwọn ọdún 1700 wọ ìbẹ̀rẹ̀ 1800, Apache tí wọ́n bá mú, wọ́n á so wọ́n pọ̀, wọ́n á dà wọ́n dé Veracruz létí òkun, wọ́n á sì fi ọkọ̀ ojú omi kó wọn lọ sí Havana kí wọ́n má baà rí ọ̀nà padà sílé. Láyé ìgbà yẹn náà ni ọkọ̀ ẹrú ń já àwọn èèyàn wa, tí wọ́n ń pè ní Lùkùmí, sí èbúté kan náà.

Èyí tó gbẹ̀yìn tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi tẹ̀ jáde ni ọ̀rọ̀ Geronimo, nítorí Ìmẹ̀sí-Ilé. Goyaałé ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Ní 1851, ó lọ ná ọjà ní Janos, kó tó padà dé àgọ́, ṣọ́jà Sonora ti pa ìyá rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ mẹ́ta. Ibẹ̀ ni tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní ìparí, ṣọ́jà Amẹ́ríkà tó tó 5,000 ló ń wá òun àti èèyàn tí kò tó 40, tòun tobìnrin tọmọdé. Ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án 1886 ló túúbá ní Skeleton Canyon. Òkúta ìrántí rẹ̀ wà lẹ́bàá ọ̀nà 80, mo ti dúró níbẹ̀ rí. Bí mo ṣe ka ọjọ́ náà, orí mi wú. Ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án 1886 ni wọ́n kéde àlàáfíà ogun Kírìjì ní ìlú wa. Olùkọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ máa ń mú wa ka ọjọ́ yẹn lákàsórí, ẹni tó bá ṣì í á jẹ pàṣán. Ọjọ́ 19 ló wà láàárín wọn.

Àwọn tiwa padà sóko nígbẹ̀yìn. Àwọn ti Geronimo, ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n kó wọn sí lọ Florida. Wọ́n kó àwọn tó jókòó jẹ́ẹ́ sílé mọ́ ọn. Wọ́n kó Kayitah àti Martine, àwọn Apache méjì tó wọ aṣọ ìjọba tí wọ́n gun òkè lọ bá Geronimo pé kó wá túúbá, wọ́n kó àwọn náà mọ́ ọn. Ọdún 27 ni wọ́n fi wà ní ìgbèkùn, Geronimo kú sínú rẹ̀ ní 1909. Èyí ni òǹkọ̀wé yín ń pè ní ìlú tòrò.

Ẹ bá mi kí i. Ó mọ̀wé kọ, àwọn ajínigbé tó ń bú náà tọ́ sí èébú. Tó bá sì gba Tucson kọjá, kó pè mí, Sátidé ni mo máa ń ráyè, màá mú un lọ sí Apache Pass. Kó wọ bàtà tó le, kó sì gbé omi tirẹ̀ dání. Ọ̀rẹ́ mi ará Mẹ́síkò bu omi ìsun yẹn mu lọ́jọ́ náà, ẹ̀ẹ̀mẹta la dúró kó lè sáré wọ igbó ká tó dé Benson.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Awakọ̀ tírélà kan, ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé,
Tucson, Arizona.